Bí A Ṣe Ń Wo Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà Àtijọ́ ní Abẹ́òkúta
Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ilé ìjọsìn Àgùdà kan, pàápàá ní agbègbè Lántòrò, níbi tí àwọn fadá ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1895, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí ẹ má sì lọ lákòókò Mísà. Ẹ yí ògiri ká, ẹ wá òkúta ìpìlẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ipa lẹ́tà ara rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí wọ́n ń kùn lé ara wọn máa ń dí ọdún tí wọ́n gbẹ́ sí i.

Ìdí pẹpẹ ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Bí ọ̀kan bá lẹ̀ mọ́ ògiri, tí òmíràn sì dá dúró níwájú rẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn ló sábà máa ń jẹ́ àgbà: lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà (1962 sí 1965), ni ó wá wọ́pọ̀ kí fadá dúró lẹ́yìn pẹpẹ, kí ó kọjú sí ìjọ.