Ilé-ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin ajá tàbí ológbò nílùú Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí àìsàn bá dé kí ẹ tó mọ ọ̀nà ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, nítorí pé ibi ìkọ́ṣẹ́ ni: akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́kọ́ bi yín ní ohun tí ẹran náà jẹ, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà, kí ọ̀gá rẹ̀ tó wá tún un yẹ̀ wò. Ẹ fi sùúrù dáhùn, torí ẹranko kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún.

Ẹ mú káàdì àjẹsára dání, pẹ̀lú páálí oògùn yòówù tí ẹ ti lò fún un nílé. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà níbẹ̀. Ológbò tèmi máa ń ké kíkankíkan nínú ọkọ̀, àfìgbà tí mo bá fi aṣọ ìnura bo àgò rẹ̀.

Ọmọ ajá tó ń bì, tó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú láìrí dókítà, torí àrùn parvovirus lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn ajá yòókù, nítorí àrùn náà ń ràn gan-an.