Bí A Ṣe Sọ Sítọ́ọ̀ Kòkó Bàbá Àgbà Di Ilé Ìkàwé àti Ilé Omi ní Oǹdó

Ọdún 1958 ni bàbá àgbà mi kọ́ sítọ́ọ̀ kòkó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbé òrùlé rẹ̀ dúró, páànù ni wọ́n sì fi bò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìgbà kòkó bá ti dé, láti oṣù kẹwàá títí wọ ọdún tuntun, àpò kòkó á kún inú rẹ̀ débi pé ọmọdé kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá. Àpò mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń kà sí tọ́ọ̀nù kan. Ara ilẹ̀kùn ni bàbá àgbà máa ń fi ẹfun fa ìlà sí bí wọ́n bá ti ń gbé àpò wọlé, nítorí náà mo mọ ìṣirò mẹ́rìndínlógún kí n tó mọ ti méjìlá, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni mo sì padà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé.

Ọdún 1986 ni ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Òwò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, bàbá àgbà sì ṣe é fún ọdún díẹ̀ kí ó tó dolóògbé. Lẹ́yìn rẹ̀, a fi sítọ́ọ̀ náà háyà fún àwọn tó ń ta símẹ́ńtì, lẹ́yìn ìyẹn a kó àga àti bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sínú rẹ̀, ìgbà tó yá a kò kó nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2021, àwọn kan nínú ẹbí dábàá pé kí a wó o, kí a fi bulọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sójú ilẹ̀ náà.

Ilé ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ní ìpàdé ẹbí, mo ní kí a má wó o, kí a sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Mo mẹ́nu kan Ilé Kòkó tó wà ní Ìbàdàn, tí iná jó ní 1985 tí wọn kò sì wó, tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1992. Mo mẹ́nu kan ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street ní Èkó, tí wọ́n sọ di Freedom Park ní 2010, tí àwọn èèyàn ń lọ gbọ́ orin níbi tí wọ́n ti ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí, gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Tíṣà, owó ìjọba nìyẹn. Bí a bá kó ìwé sínú sítọ́ọ̀, ṣé ìwé ni a ó máa jẹ?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọdún kan péré. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣẹ kan lé e: ohunkóhun tí n bá fi ilé náà ṣe, kí ó yanjú ọ̀rọ̀ omi, nítorí pé kànga agbo ilé máa ń gbẹ láti oṣù kejì títí òjò á fi dé.

N kò ra ohunkóhun fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Ìwé àti tépù ìwọnlẹ̀ ni mo mú, mo ń lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ilé náà tutù lọ́sàn-án ju ilé bulọ́ọ̀kù tí mo ń gbé lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀. Kòkó tó gbẹ dáadáa kì í ní ju nǹkan bíi ìdá méje tàbí mẹ́jọ omi nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi inú rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní gbà á. Nítorí náà ni bàbá àgbà ṣe gbé ilẹ̀ sítọ́ọ̀ náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ju ilẹ̀ ìta lọ. Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe dá ihò atẹ́gùn sí abẹ́ òrùlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ọ̀kan wọlé kí ó gba èkejì jáde, tí wọn kò sì fi fèrèsé kankan sí ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí. Etí òrùlé náà gùn jáde tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kì í fi í kan ògiri àyàfi bí ìjì bá gbé e. Ilé tí wọ́n kọ́ kí kòkó má baà bu ni ilé yìí, mo sì rí i pé kò sí ohun tí ìwé àti ènìyàn ń fẹ́ nínú ilé ju èyí náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé n kò ní dí ihò kan ṣoṣo láìjẹ́ pé mo mọ ohun tí wọ́n dá a sí fún.

Ibi mẹ́fà ni ògiri ti lanu. Bíríkìlà àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní kí a wó gbogbo rẹ̀. Èkejì, bàbá arúgbó kan tó ti mọ ògiri amọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ní kí a fara balẹ̀. Ó fi símẹ́ńtì díẹ̀ lẹ awẹ́ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan ní ìdábùú, ó sì ní kí n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ògiri bá ṣì ń rìn, dígí á ṣẹ́. Bí kò bá ṣẹ́, ọgbẹ́ àtijọ́ ni, kò sì léwu. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, márùn-ún nínú mẹ́fà kò ṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́ wà ní igun tó kọjú sí òpópónà, níbi tí omi ti ń ya kúrò nínú gọ́tà àdúgbò tó ti dí, tó ń lọ jẹ ìpìlẹ̀ ilé lábẹ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú gọ́tà nìyẹn. Àwa àti àwọn aládùúgbò fi ọjọ́ Sátidé mẹ́rin kó ìdọ̀tí àti yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, a tún ibi tó ti wó ṣe, a sì fi kọnkéré tuntun dí ẹsẹ̀ igun náà. Dígí tuntun tí a lẹ̀ mọ́ ọn wà níbẹ̀ di òní, kò tíì ṣẹ́.

Ní ti igi òrùlé, a fi ọ̀bẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ìrókò ọdún 1958 kò gba ọ̀bẹ rárá, ṣùgbọ́n igi mẹ́rin tí àwọn tó háyà ilé fi ṣe àtúnṣe nígbà tiwọn, ikán ti jẹ inú wọn tán, èèpo lásán ló kù. A yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páànù àtijọ́ ti dógùn-ún, a fi páànù alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Àjà asbestos wà nínú yàrá kékeré tí akọ̀wé máa ń lò. Ìyẹn kò ṣe é fi òòlù fọ́, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni a kọ́kọ́ wọ́n sí i títí ó fi rẹ, a bo imú wa, a yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà fọ́, a fi ọ̀rá nínípọn dì í ní ìlọ́po méjì, a sì rì í mọ́ ilẹ̀ jíjìn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ara ògiri. Ìkánjú mú mi, mo jẹ́ kí bíríkìlà kan fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Ó dán, ó tẹ́jú, ó wù mí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo fi ìka kan ibẹ̀, ó dún bí igbá òfìfo, kò sì pẹ́ tí abala tó tóbi tó ilẹ̀kùn fi já bọ́ tòun ti amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rinrin tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ àti èyí tó gba ojú ibi tó sán wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, nítorí símẹ́ńtì le, ó sì dí pa. Omi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ amọ̀ di ẹrẹ̀.

Inú bí mi sí ara mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 50, láti lọ fi ojú ara mi wo ààfin àtijọ́ ti Déjì, tí ìjọba àpapọ̀ kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, amọ̀ sì ni. Mo rin àwọn àgbàlá rẹ̀, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè ní uà, mo sì rí i pé gbogbo àgbàlá ló ní ọ̀nà tí omi òjò ń gbà jáde, pé òrùlé ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé láti dáàbò bo ògiri, pé amọ̀ ni wọ́n sì fi ń tún amọ̀ ṣe.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá arúgbó náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó tilẹ̀ tọ́ sí mi. A fọ gbogbo símẹ́ńtì náà kúrò. A bu ilẹ̀pa, a fi ajọ̀ yọ òkúta inú rẹ̀, a pò ó mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, a rin ín lómi, a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó dẹ̀. Kí ó tó rẹ́ ògiri náà gan-an, ó kọ́kọ́ rẹ́ ibi kékeré mẹ́ta fún ìdánwò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n yanrìn tirẹ̀, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan láti wo èyí tí kò ní sán. Èyí tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ jù ni kò sán. Òun ni a lò. Kò dán bí símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n òjò méjì ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí, kò sì dún bí igbá òfìfo.

Ní àárín gbogbo èyí ni a gba ìwé àṣẹ. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1992 ka yíyí ìlò ilé padà mọ́ iṣẹ́ tó nílò àṣẹ, bí ènìyàn kò tilẹ̀ fi bulọ́ọ̀kù kan kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó ya àwòrán ilé náà kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí àwòrán ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbádùn jù, bóyá nítorí pé ìṣirò ni. Bí òjò tó ga ní mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, lítà omi kan gééré ni. Òrùlé wa gùn ní mítà 18, ó sì fẹ̀ ní mítà 9. Ìyẹn ni pé mìlímítà òjò kan ń fún wa ní lítà 162. Òjò gidi kan tó rọ̀ tó mìlímítà 20 á fún wa ní lítà 3,240, ṣùgbọ́n bí a bá yọ èyí tó ta dànù àti èyí tó gbẹ sórí páànù, mo máa ń ka nǹkan bíi 2,600 sí i. A ra táńkì oní-lítà-5,000 méjì, a gbé wọn sórí pèpéle. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn kì í wọ inú wọn, nítorí òun ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ. A gbé páìpù oní-íǹṣì-mẹ́fà méjì dúró lóòró, gígùn ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́ta, a sì dí ìsàlẹ̀ wọn. Àwọn ló ń kọ́kọ́ gba nǹkan bíi lítà 100, ìgbà tí wọ́n bá kún ni omi tó mọ́ tó gba orí wọn kọjá sínú táńkì. Ihò tó mọ níwọ̀n ìṣó wà ní ìsàlẹ̀ wọn, tí omi ń gbà kán tán kí òjò mìíràn tó dé.

Lítà 10,000 kò tó nǹkan bí ènìyàn bá rò ó. Bí a bá ń bu kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-25 ogún lójúmọ́, ogún ọjọ́ ló máa tán. Nítorí náà a fi àgádágodo sí ẹnu ẹ̀rọ táńkì méjèèjì bí òjò bá ti dá, a kì í sì í ṣí i títí kànga á fi gbẹ. Nígbà òjò, tí táńkì bá ti kún, omi tó kù ń lọ sínú kòtò tí a kó òkúta kún lókè kànga, kí ó lè máa wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi táńkì náà gbọ́dọ̀ sè é, a sì kọ ọ́ sí ara ògiri.

Mo ti fẹ́ gbé páńẹ́lì sólà sórí òrùlé kí n tó rántí pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí. Bàbá àgbà kò ṣèèṣì yan ibẹ̀: oòrùn kì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, igi kankan kò sì ṣíji bò ó. A ri irin mọ́ ọn, a gbé páńẹ́lì mẹ́rin sórí rẹ̀, ibi tí ọmọdé pàápàá ti lè fi aṣọ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn. Iná rẹ̀ ń tan gílóòbù, ó ń yí fáànù mẹ́ta, àwọn aládùúgbò sì ń wá gba agbára sí fóònù wọn síbẹ̀.

Igi ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n máa ń to àpò kòkó lé ni a fi ṣe tábìlì àti pákó ìwé. Mo ní kí káfíńtà jẹ́ kí gbogbo pákó ìwé jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí àpò kòkó ṣe máa ń jìnnà sí i, kí ọ̀rinrin má baà ràn wọ́n. A kò kun ilẹ̀kùn. Ìlà ẹfun bàbá àgbà ṣì wà lára rẹ̀, ìkẹ́yìn rẹ̀ dúró lórí mọ́kànlá. Bí òjò bá sì fẹ́ rọ̀, òórùn kòkó á tún jáde láti inú ògiri, àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ á máa béèrè ẹni tó ń jẹ ṣokoléètì.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, tí kànga gbẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi rán ọmọ wá gba kọ́kọ́rọ́ táńkì lọ́wọ́ mi. Àwọn fúnra wọn ló jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n ń ka kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n sì ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri. Ògiri ìhà ìlà-oòrùn nìkan ló kù tí a kò tíì rẹ́. A ti kó ilẹ̀pa rẹ̀ jọ sábẹ́ ọ̀rá, a ń dúró kí òjò dá.