Bí A Ṣe Ń Sin Multifasciatus, Ẹja Inú Ìkarahun ti Adágún Tanganyika

Láwọn ibì kan nísàlẹ̀ adágún Tanganyika, tó wà láàárín Burundi, Kóńgò, Tanzania àti Zambia, ìkarahun ìgbín omi tó ń jẹ́ Neothauma ló tò bẹẹrẹ lórí iyanrìn. Ìgbín ti kú tipẹ́, àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú omi náà, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan; tó bá ju 7 lọ, kò kan) sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9, èyí kì í jẹ́ kí ìkarahun tètè jẹrà. Inú wọn ni Neolamprologus multifasciatus ti ń gbé lágboolé. Akọ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 4.5 lọ, abo kò ju bíi 3.

Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, tó fún agboolé kan. Ìbú ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Tó o bá fẹ́ fi òkúta sí i, orí gíláàsì gan-an ni kó jókòó, kó o tó da iyanrìn, nítorí ẹja yìí á gbẹ́ ilẹ̀ títí òkúta á fi wó. Iyanrìn kíkúnná ni kó o lò, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Ẹnu ló fi ń kó o. Òkúta wẹ́wẹ́ kò ní ṣeé kó fún un.

Ìkarahun mẹ́ta fún ẹja kan, ẹnu rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ti ọmọ ìgbín dára; ti àgbà ìgbín ti fẹ̀ jù. Sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fa ẹran inú rẹ̀ jáde, kó o rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan. Bí omi bá ń rùn, ẹran ṣì kù nínú kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn: tún un sè. Nínú táǹkì, dojú ẹnu rẹ̀ sókè, máa yí i títí ìfófòó á fi tán, kó o wá gbé e lélẹ̀. Má rì í mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹja nìyẹn.

Omi yẹ kó wà ní pH 8 sí 9, kó gbóná tó 24 sí 27°C. Omi òjò kò ní kálísíọ́ọ̀mù, ti omi kànga míì sì kéré. Fọ́ ìkarahun wẹ́wẹ́ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kó o fi sínú táǹkì nítòsí fílítà. Bí pH kò bá gòkè, po ṣíbí tíì kan baking soda mọ́ lítà 20 omi tuntun kó o tó dà á sí i. Fílítà kànìnkànìn ló dáa jù. Èyí tó lágbára á fa ọmọ ẹja mu. Kó o tó kó ẹja sí i, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kó o máa sọ oúnjẹ díẹ̀ sí i, títí àyẹ̀wò á fi fi hàn pé amóníà àti nitrite, májèlé tí ìdọ̀tí ń dá sílẹ̀ nínú omi, ti di òdo.

Ọmọ kéékèèké mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kó o rà, torí a kì í tètè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Èyí tó bá ń sá sí igun lókè omi, tí lẹbẹ rẹ̀ ti ya, kò rílé ni: kó ìkarahun sí i sí igun náà.

Oúnjẹ wọn ni ọmọ Artemia, edé tín-ín-tín inú omi iyọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í jìnnà sílé, nítorí náà fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ sọ ọ́ sítòsí ẹnu ìkarahun.

Abo á yé ẹyin sínú kọ́rọ́, o ò ní rí i. Ọmọ tín-ín-tín tó bá yọjú lẹ́nu ìkarahun ni wàá fi mọ̀. Má kó wọn kúrò, agboolé kì í lé wọn. Máa pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún omi náà lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n má gbé ìkarahun láti kà wọ́n: ààlà tí wọ́n ti pín á dàrú, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá pọn dandan kó o kó ẹja kan, tilé-tilé ni, ẹnu ìkarahun sókè kómi má bàa dànù.