Ẹ wo atẹ́gùn kí ẹ tó kúrò ní Laramie

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gba I-80, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, kọjá ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, agbára atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó béèrè bóyá yìnyín ń bọ̀. Láàárín ìlú Laramie sí Rawlins, pàápàá ní Arlington àti Elk Mountain, yìnyín tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń gbá sójú títì. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere kí ẹ má sì rí mọ́tò tó wà níwájú yín. Nílé epo, ẹ pe 511, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí, tàbí kí ẹ wo kámẹ́rà ojú ọ̀nà ti WYDOT, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ Wyoming. Tí wọ́n bá ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ gíga tí kò wúwo, tírélà òfìfo ni wọ́n ń bá wí o, torí òun ni atẹ́gùn ń tètè gbé ṣubú. Ẹ rọ epo kún táǹkì: bí wọ́n bá ti géètì tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà, ẹ lè sùn mọ́jú síbẹ̀. Tí ẹ bá há sójú ọ̀nà, ẹ kó yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì; bó bá dí, èéfín olóró tí kò ní òórùn á wọlé bá yín. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni kámẹ́rà ń fi hàn, ojú ọjọ́ ibẹ̀ sì lè yí kí ẹ tó dé Arlington.