Heat index tí kò kúrò lójú kan nínú WeeWX: ohun tó bá mi yanjú ẹ̀

Ẹ̀rọ ojú ọjọ́ mi ń ka ooru sí 32°C, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sí 70%, síbẹ̀ heat index (bí ooru ṣe ń rí lára èèyàn tí a bá ka ọ̀rinrin mọ́ ọn) tí WeeWX, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́, ń gbé jáde dúró sórí 32 gbagidi. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ó yẹ kó lé ní 40.

Mo pààrọ̀ bátìrì sẹ́ńsọ̀, mo pa kọ̀ǹpútà mo tún un tàn, pàbó. Mo wo ìwọ̀n Celsius àti Fahrenheit, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Inú weewx.conf, fáìlì tí a ti ń ṣètò WeeWX, ni ọ̀rọ̀ wà, lábẹ́ [StdWXCalculate], ní [[Calculations]]: heatindex = prefer_hardware. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀rọ bá ti fi iye kan ránṣẹ́, WeeWX á gbà á bẹ́ẹ̀, kò ní ṣírò tiẹ̀. Ẹ̀rọ tèmi sì ń fi iye ooru lásán ránṣẹ́ lórúkọ heat index! Mo yí i sí heatindex = software, mo tún WeeWX bẹ̀rẹ̀, ló bá gbé 40.4 jáde.

Àwọn àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ò yí padà o. Ìgbà tí ooru bá mú dáadáa ni kẹ́ ẹ dán an wò, torí nísàlẹ̀ nǹkan bíi 27°C, iye ooru àti heat index kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí ẹ̀rọ tiyín kì í bá fi heat index ránṣẹ́ rárá, a jẹ́ pé ibòmíràn ni wàhálà tiyín ti wá.