Ẹ Kọ Ìwé Àdéhùn Kí Ọmọ Yín Tó Wọ Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá

Ó ti pé ọdún 23 tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí òbí bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi mí: èló ni, ọdún mélòó ni, ṣé mo máa ń na ọmọ. Ẹnì kan ò bèèrè ìwé àdéhùn rí.

Èmi náà jìyà rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi àti ọ̀gá mi jọ fẹnu sọ, lórí obì àti mínírà. Nígbà tó máa fi pé, bàbá mi ti kú, ọ̀gá ní ọdún mẹ́rin lòun gbọ́. Ta ni kí n pè lẹ́rìí? Odidi ọdún kan ni mo tún fi pọn ọmọ fún un, tí mò ń sáré lọ ra òwú ní Gbági, nígbà tí ẹgbẹ́ mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 là á yé wa: ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé 16, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló máa tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà. Tó bá ti pé 16, ó lè dá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdéhùn ò gbọdọ̀ kọjá ọdún 5. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ̀ ni pé ìwé náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi tí òṣìṣẹ́ labour tí ìjọba yàn bá jẹ́rìí sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì labour ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò gba fúrídọ̀ọ̀mù, owó, ẹni tó máa ra máṣíìnì. Ẹ má kàn kọ "iṣẹ́ télọ̀" lásán o. Ẹ dárúkọ ohun tó máa kọ́: gígé bùbá, síkẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, síìpù tí kì í wú. Mo mọ ọ̀gá kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbé sísọ́ọ̀sì báyìí, á rán ọmọ lọ ra ẹ̀kọ. Kí ọmọ tó dé, ó ti gé e tán.

Bí owó ìkọ́ṣẹ́ bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bèèrè lọ́dọ̀ NDE (National Directorate of Employment), àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n fi ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá bíi tèmi, tí ọmọ á máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní òun ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún yín lábẹ́ igi, ẹ sá fún un. Mo ti gba ọmọ méjì láti ọ̀dọ̀ NDE rí. Ọ̀kan nínú wọn ti kíláàsì Sátidé tí NDE ń ṣe fún wọn dé, ó bi mí pé, "Àǹtí, owó epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa ń kà á mọ́ owó iṣẹ́?" N kì í kà á.

Lẹ́yìn èyí ni Trade Test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Sátífíkéètì fúrídọ̀ọ̀mù tí ẹgbẹ́ ń fúnni dára, àmọ́ tí iléeṣẹ́ bá ń wá télọ̀, Trade Test ni wọ́n ń bèèrè. Ilé iṣẹ́ labour ló ń ṣe é. Grade III ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá máa gòkè bọ̀ sí II àti I.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi aago ránṣọ ní oṣù méjì ṣáájú ìdánwò náà. Ẹ kọ́ ọ lórúkọ nǹkan pẹ̀lú. Níbi ìdánwò, ọmọ mi kan rán tirẹ̀ tán kí àwọn yòókù tó dé ìdajì, ló bá di pé àwọn tó ń dán wọn wò nawọ́ sí ara máṣíìnì, wọ́n ní kí ló ń jẹ́. Ó ní "ẹsẹ̀ máṣíìnì", bí a ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. "Presser foot" ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, mo gé pépà wẹ́wẹ́, mo kọ orúkọ sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ara máṣíìnì mi. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń bèèrè bóyá máṣíìnì fẹ́ lọ síléèwé ni.