Bí mo ṣe tún àlùmọ́gàjí sẹ̀rámíìkì mi ṣe lẹ́yìn tí apọ́nbẹ bà á jẹ́

₦2,000 ni apọ́nbẹ kan gbà lọ́wọ́ mi ní Kábbà níbí, àlùmọ́gàjí tó dá padà sì burú ju èyí tí mo gbé fún un lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Télọ̀ ni mí. Àlùmọ́gàjí onírin máa ń dógùn-ún lọ́wọ́ mi nígbà òjò, ni mo fi ra ti sẹ̀rámíìkì. Oníbàárà kan wá gbé aṣọ wá pé kí n dín in kù. Télọ̀ tó kọ́kọ́ rán an ti gbàgbé píìnì sínú ìṣẹ́tí rẹ̀. Kàù! Ojú àlùmọ́gàjí kán níbì kan, kò tó orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wá ń fa òwú léèsì yọ.

Mo sọ fún apọ́nbẹ pé kì í ṣe irin o. Ó ní, “Màdáámú, kí ni òkúta mi ò pọ́n rí?” Ó fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́, ó tẹ àlùmọ́gàjí mọ́ ọn, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìgbà tí mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tó kán ti di mẹ́ta. Ó tún ní kí n mú owó sí i! Zirconia, irú sẹ̀rámíìkì kan tó le gan-an, ni wọ́n fi ṣe àlùmọ́gàjí náà. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń wọn líle nǹkan láti 1 dé 10, líle rẹ̀ tó bíi 8.5; irin kò tó bẹ́ẹ̀. Líle yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó kú, òun náà ni kì í jẹ́ kó tẹ̀: kíkán ló ń kán.

Dáyámọ́ńdì ló lè pọ́n ọn. Gbogbo ọlọ́jà irinṣẹ́ tí mo bi, fáìlì irin ni wọ́n ń nà sí mi, wọ́n tún ń bá mi jiyàn. Ọ̀dọ̀ bọ̀dá kan tó ń to táìlì ni mo ti rí pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ lúbúlúbú dáyámọ́ńdì mọ́, èyí tó fi ń dán etí táìlì. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo rẹ pẹlẹbẹ náà sómi kí eruku má baà fò. Etí àlùmọ́gàjí tó dà gẹ̀rẹ̀ níta nìkan ni mo lọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. N kò fọwọ́ kan inú, níbi tí ojú méjèèjì ti ń pàdé. Bí ẹ bá pọ́n ibẹ̀, kò ní gé aṣọ mọ́. Ó gbà mí ní sùúrù, àmọ́ léèsì ń gé geere! Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó.

Ní báyìí, aṣọ àtúnṣe kì í kan àlùmọ́gàjí yẹn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì gba gbogbo ìṣẹ́tí rẹ̀ kọjá. N kì í fi gé síìpù, n kì í sì í fi tú nǹkan. Inú àpò rẹ̀ ló ń sùn, nínú dúrọ́ọ̀, kì í ṣe etí tábìlì.